Àṣàkẹ́, ti èsúsú tí o ní kò lófin yẹn

Ìbàdàn,
ọjọ́ kejì ọjà Òjé.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Màámi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní aṣọ ẹtù tí o ní kí àwọn bá ọ wá ti délé, owó rẹ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ní bánkì yín, òfin àti ìwé ni gbogbo nǹkan, pé èsúsú àwọn Màámi ní tiẹ̀ kò lófin, ìfọkàntánni lásán ni. N kò jiyàn nígbà yẹn torí dátà mi ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn méjìlá ló ń dá èsúsú yẹn, 20,000 náírà ní ìtàdógún. Ẹnì kan tó ti kó tirẹ̀ kò yọjú mọ́ láti ọjà méjì sẹ́yìn. Màámi kò pariwo. Wọ́n ká ẹní, wọ́n gbé ike omi, àwọn àti ìyá méjì mìíràn, ó di iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà láti aago méje àárọ̀. Oníbàárà tó bá dé, wọ́n á fẹ̀rín kí i: "Ẹ kú ọjà o. Àwa náà ń dúró dè é ni." Oòrùn kò tíì kàn àtàrí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi dé. Òun ló ṣe onídùúró fún un lọ́jọ́ tó wọ ẹgbẹ́. Ó san ti ọjà kan, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyókù.

Wọ́n dógò tì í ni. Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921: ológò á wọlé ajigbèsè, á jókòó síbẹ̀, á máa bú tọmọdé tàgbà, á máa pa adìẹ wọn jẹ, títí ará ilé á fi wá owó náà. Ṣé ìfọkàntánni nìyẹn? Màámi kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ẹni tuntun kó owó ṣáájú.

Ó wá ku tiyín. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Annelise Riles. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó tún kọ́ ìmọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń lọ jókòó sí abúlé, Tókíò lòun lọ, láàárín àwọn tó ń ṣètò ìwé ohun ìdógò fún àwọn báńkì tó ń ṣe swap, ìyẹn àdéhùn tí ẹni méjì fi ń pààrọ̀ owó tí yóò máa wọlé fún wọn lọ́jọ́ iwájú, irú iṣẹ́ tí ìwọ gan-an ń ṣe. Ó rí i pé ìbéèrè tó le jù, bíi ta ló ni bọ́ǹdì (ìwé gbèsè ìjọba tàbí iléeṣẹ́) tí wọ́n fi dógò kí àdéhùn tó parí, wọn kì í dúró tú u palẹ̀. Wọ́n á ṣe bí ẹni pé ó ti yanjú, wọ́n á kọ fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ á máa lọ. Ìwọ náà sọ fún mi rí pé o kò tíì ka ìwé àdéhùn ISDA yẹn, èyí tí àwọn báńkì fi ń ṣe swap, dé ìdí. Nínú àwa méjèèjì, ta ló ń fọkàn tánni?

Nígbà tí Lehman Brothers, báńkì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wó ní September 2008, àwọn oníbàárà ẹ̀ka ti Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ohun tí àwọn fi dógò, Lehman ti tún fi dógò síbòmíràn. Ọdún gọọrọ ni àwọn kan fi dúró. Mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n gbá orí ẹní tí wọ́n jókòó lé: "Kí n mú èyí yá ẹlòmíràn, kí n tún máa jókòó lé e?" Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè G20, ẹgbẹ́ àwọn tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, ní kí àdéhùn bíi swap tí wọ́n ń kọ lọ́nà kan náà fún gbogbo ènìyàn máa gba ọwọ́ ẹnì kan láàárín, tí yóò máa dúró fún tọ̀tún tòsì. Èmi ò mọ ohun tí ẹ ń pè é níbẹ̀, àmọ́ olórí èsúsú nìyẹn lójú tèmi.

Màámi ní kí n bi ọ́: tí ìwọ àti bánkì kejì kò bá fẹnu kò lórí iye tí bọ́ǹdì tó lọ́jọ́ kan, ta lẹ máa ń pè? Wọn ò gbà pé kò sí ẹni tí yóò tẹ́ ẹní. Dáhùn o, kí o sì fi owó ẹtù ránṣẹ́ kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, torí wọ́n ti mọ ilé ìyá rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́.