Ẹ̀yin Ọmọ Obòkun Tẹ́ Ẹ Ń Ṣe Fídíò, Ẹ Wá Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó dátà. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́ta kan nínú yín tí wọ́n jókòó síwájú ilé mi ní Òkèsà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń ya fídíò kiri, oòrùn ti lù wọ́n, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n, mo ní kí wọ́n wá mumi, ọ̀kan bá ń wo fóònù ẹ̀, ó ní "èyí tá a ṣe lóṣù tó kọjá, èèyàn 2,000 ló wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ò pín in." Ohùn tó fi sọ ọ́ dùn mí wọra. Ohùn ẹni tó pàtẹ ọjà ni, táwọn èèyàn ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń gbé e padà sílẹ̀, tí wọ́n ń kọjá lọ. Mo mọ ohùn yẹn, torí ó lé lógójì ọdún tí mo fi ta aṣọ.

Bàbá mi, òṣómàáló ni. Orúkọ yẹn lẹ̀yin gbọ́, ẹ ò bá iṣẹ́ yẹn. Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, láti abà dé abà, wọ́n á tà á láwìn, tí àsìkò bá tó wọ́n á padà lọ gbowó, ẹni tí ò bá fẹ́ san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, "òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi", ibẹ̀ làwọn èèyàn ní orúkọ yẹn ti wá. Ìlóṣòó yẹn nìkan ni gbogbo ayé rántí, bíi pé agídí ni wọ́n fi là. Bàbá mi sọ fún mi pé owó gbígbà kọ́ niṣẹ́, pé abà tí wọn ò ti mọ̀ ẹ́ rí, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Tó bá dé irú ibẹ̀, kì í pariwo. Á fara balẹ̀ wá obìnrin kan táwọn yòókù máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀, á tú ẹrù fún un, á kọ́ ọ béèyàn ṣe ń mọ aṣọ tó máa ṣá: kó ki igun ẹ̀ bọ omi, kó fún un, kó wo àwọ̀ omi yẹn. Ó tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin yẹn á ti rin gbogbo agboolé, á ti kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá. Kì í ṣe torí bàbá mi ló ṣe ń rìn o, kò mọ̀ ọ́n rí! Ohun táwọn tó kù ò tíì mọ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì wù ú kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ò ju ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn lọ. Ẹni tó bá ń pín nǹkan yín, tara ẹ̀ ló ń ṣe. Ó fẹ́ kí àbúrò òun má fowó ra ìràkurà, ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ káwọn ará ilé òun mọ̀ pé òun lóye, tàbí ó fẹ́ kí ẹnì kan tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn rántí òun. Tí kò bá rí ìkankan nínú ẹ̀, á kàn tẹ láìkì fún yín, á kọjá, torí láìkì ò ná an ní nǹkan kan. Pínpín yàtọ̀ pátápátá. Tó bá fi fídíò yín sí gúrúùpù ẹbí, àna ẹ̀ wà ńbẹ̀, bùrọ̀dá ẹ̀ àgbà wà ńbẹ̀, orúkọ tiẹ̀ ló máa hàn lórí ẹ̀, tó bá jẹ́ ìsọkúsọ, òun ni wọ́n á bi. Ẹ wá padà lọ wo àwọn fídíò yín wò, ẹ wo bàtà mi, ẹ wo mọ́tò tí mo dúró tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pín in. Kí lẹni tó gbé e lọ máa wí pé òun tìtorí ẹ̀ gbé e?

Ẹ jẹ́ n sọ tiṣu fún yín. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà Atákúnmọ́sà, mo ń ṣa iṣu tá a máa fi gúnyán, ó ní "Màmá, ẹ jẹ́ n yà yín, ẹ kọ́ wa bẹ́ ẹ ṣe ń ṣà á." Èyí tó kọ́kọ́ yà, òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ o gbogbo ẹ̀yin olólùfẹ́ wa nílé lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà, ó kí gbogbo ayé tán kó tó dórí iṣu. Mo ní rárá, ta ló máa dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn? Pa á rẹ́. Mo gbé iṣu kan dání, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni "èyí ò lè gúnyán." Ẹni tó bá ti ń jẹyán, wàá dúró gbọ́ ìdí ẹ̀. Mo wá sọ ọ́: pé iṣu tuntun ṣì lómi nínú, kókó ló máa kún inú iyán yẹn, kí wọ́n wá èyí tó ti gbó tó ti pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, kó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lójú lọ, kí wọ́n fọwọ́ tẹ orí ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ bóyá ó dẹ̀, kí wọ́n fi èékánná ha á wo inú ẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ewùrà tàn wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe gbé e síta nìyẹn, èmi gbàgbé ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tá a jọ ta aṣọ nígbà kan, tó ti kó lọ Ìbàdàn, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "ẹ wo màmá yìí, bíi tiyín ló ṣe ń sọ̀rọ̀." Èmi náà ni! Wọ́n fi sí gúrúùpù àwọn ìyá ìjọ wọn, ẹni tó fi síbẹ̀ náà rí i lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ẹ wo bó ṣe rìn. Ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, ìyá fi sí ìjọ, ẹni tó wà níjọ rántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ n'Íléṣà, kò sẹ́ni tó bẹ ìkankan nínú wọn pé kó pín in.

Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ ka ìwádìí kan fún mi, àwọn méjì ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, Jonah Berger àti Katherine Milkman, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012. Wọ́n kó nǹkan bí 7,000 àpilẹ̀kọ ìwé ìròyìn New York Times jọ, wọ́n wo èyí táwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ síra wọn jù. Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu débi tórí ẹ̀ wú, wọ́n pín in gan-an. Èyí tó bí wọn nínú, wọ́n pín in, èyí tó kó wọn láyà sókè náà ńkọ́, wọ́n pín in. Èyí tó bà wọ́n nínú jẹ́ ni ò rìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kà á tán, mo ní òótọ́ mà ni, torí ìbànújẹ́ máa ń mú èèyàn jókòó káwọ́ lérí ni, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́nu yà, àbí tínú ń bí, kò lè jókòó, á dìde lọ wá ẹni tó máa sọ fún. Wọ́n tún ní ohun tó wúlò fún èèyàn máa ń rìn, ohun tó dáa náà sì ń rìn ju èyí tí ò dáa lọ tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ti rí i kà pé ìbínú ń rìn, ó ti ń ro ẹni tó máa lọ bú. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi ìbínú kó jọ, ìbínú náà ló máa máa wá bá yín fún, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sì ní èèyàn láti bú mọ́, ẹ̀yin gan-an ló máa kàn.

Irọ́ tún wá burú ju ìyẹn. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò ìròyìn táwọn èèyàn pín lórí Twitter láti 2006 títí dé 2017, ìròyìn bí 126,000, èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ló pín wọn, wọ́n rí i pé irọ́ yá ju òótọ́ lọ fíìfíì, pé nínú 100, ó fi 70 ju òótọ́ lọ ní ṣíṣeé pín. Wọ́n ní ọwọ́ àwa èèyàn gan-an ló wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ, torí irọ́ sábà máa ń jọ nǹkan tuntun létí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Mo gbà. Ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún yẹn, kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gba irọ́ yẹn gbọ́?

Ẹ ó rántí ọdún 2014 tí Ẹ̀bólà wọ Èkó. Lóṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń já ranyin lórí fóònù pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká mu ún, kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lóru. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ mi, sí àwọn ará ọjà, sí ìjọ, mo tún pe àwọn tí ò ní irú fóònù yẹn. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nídìí mímu omi iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí. Mo tún ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ ò mu ún jù àbí, ẹ ò mu ún jù, títí tí gbogbo wọn fi gbé e. Mi ò tíì gbàgbé òru yẹn. Torí náà, tí nǹkan bá jẹ mọ́ oògùn, tàbí owó, tàbí ìjà ẹ̀yà, ẹ wádìí ẹ̀ débi tó lè wádìí dé, tí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e jù sílẹ̀, kódà kó máa dán yín wò bíi wúrà.

Tó bá jẹ́ ìyàlẹ́nu lẹ ń wá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kún fún un, ẹ̀yin lẹ ò wolẹ̀. Ojoojúmọ́ lọ̀kadà ń gbé yín kọjá níwájú ère Ògèdèǹgbé, mélòó nínú yín ló lè fi ìṣẹ́jú kan sọ ìdí tí wọ́n fi mọ ọ́n? Ogun tí Ògèdèǹgbé ti ṣe olórí ogun wa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò parí pátápátá títí di 1893, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì. Ẹ dúró sídìí ère yẹn, ẹ sọ nǹkan kan ṣoṣo níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìtàn. Ẹ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látòkè, kẹ́ ẹ má kàn jó níwájú ẹ̀, ẹ gbé wa gun àwọn àtẹ̀gùn ẹ̀ títí dókè káwọn tí eegun wọn ò gbé e mọ́ fojú rí i. Ẹ sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà wa sọ ọ́! Ọmọ Iléṣà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní London, tó bá gbọ́ ohùn tí ìyá ẹ̀ fi ń pè é ní kékeré, kò sí bí kò ṣe ní fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù, mi ò ní fi wọ́n pẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó láìsí ohùn, nínú bọ́ọ̀sì tàbí lẹ́nu iṣẹ́, torí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì fi àmì sórí Yorùbá yín, torí ẹni tó kọ "oko mi ti baje", ṣé ọkọ̀ ẹ̀ ni àbí ọkọ ẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó wúwo jù, dátà ò sí lọ́wọ́ àwa tá a wà nílé. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2019 ni WhatsApp ò ti jẹ́ kéèyàn fi nǹkan ránṣẹ́ síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó di 2020, èyí tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ibì kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó fẹ́ gbé tiyín lọ gbọ́dọ̀ yan ẹni tó máa fún. Ìyẹn ò burú rárá, bí bàbá mi ṣe ń tà á náà nìyẹn, láti ọwọ́ sí ọwọ́.

Ọ̀kan ṣì kù tó ń dùn mí. Iná jó ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tá a jọ wà lọ́jà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ọmọkùnrin kan na fóònù sí i lójú, ó yà á, ó gbé e síta tòun ti orin. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń kàwé fi ojú ara wọn rí ìyá wọn bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ èèyàn kẹ́ ẹ tó yà á. Ẹni tí kò bá lè dáhùn nígbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé fóònù sápò, kẹ́ ẹ bá a kó ẹrù.

Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ wá mumi níjọ́sí, àti ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ bá fẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá tún yà, ẹ gbé e wá fún mi kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wà níwájú ilé. Mi ò ní sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Màá wò ó tán, màá gbé fóònù tèmi, màá wo orúkọ àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí mo bá rí orúkọ ẹnì kan tí mo fẹ́ kó rí i, ojú yín báyìí ni màá ti fi ránṣẹ́ sí i. Tí mi ò bá rí, a ó jọ jókòó, a ó wá ohun tó kù nínú ẹ̀.

Èmi ni, màmá yín aláṣọ,
Òkèsà, Iléṣà.