Ìjàpá Bàbá Ti Ní Èjìká

Adátán,
Abẹ́òkúta.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì o. Ará ilé ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ooru. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, pé kí ni mò ń fi ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá ṣe lẹ́yìnkùlé gan-an. Kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

O ò lè gbàgbé Volkswagen yẹn, ìwọ tó o gbé e lu ògiri nígbà tá a ń kọ́ ọkọ̀ wíwà l'Ásẹ́rò. Látìgbà tí Bàbá ti lọ ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ́ńjìnnì ò dà mí láàmú rárá, bọ́dì niṣẹ́ wà. Fẹ́ńdà iwájú méjèèjì, irin tó bo táyà, ti dógùn-ún débi pé ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀. Páńẹ́bítà kan ní kí n mówó wá, òun á fi bọ́dífílà, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ihò ara ọkọ̀, dí i. Bọ́dífílà tó nípọn bí àkàrà! Òjò méjì péré ni yóò pa á tí á fi sán. Bóòtù sì ni wọ́n fi de fẹ́ńdà Ìjàpá mọ́ ara rẹ̀, wọn ò jó o pọ̀. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí mi ò ní fọwọ́ ara mi ṣe tuntun, kí n tiẹ̀ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó gba táyà tó fẹ̀? Mo fẹ́ kó ní èjìká bí alábàárù Kútọ̀.

Fáíbà ni mo yàn. Mo lọ ra résìn, oje tó máa ń dì le, àti kátálíìsì rẹ̀, oògùn tó ń mú un dì, l'Ọ́jọ́ta, l'Ékòó, pẹ̀lú máàtì onífọ́nrán gíláàsì. Fóòmù funfun tí wọ́n fi di fìríìjì wá ni mo wá fi ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn àwòṣe tí màá tẹ́ fáíbà lé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ ẹ títí ó fi tẹ̀ roboto bí ẹ̀yìn igbá. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mo kun résìn lé e. Àkànní, bí ẹni da omi gbígbóná sórí ṣúgà ni! Kí n tó mú máàtì, ihò tó gba orí ọmọdé ti là sí i láàárín. Àṣé résìn yẹn máa ń yọ́ fóòmù funfun ni. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Mi ò dá a lóhùn.

Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ní Ìjàyè ló yọ mí. Mo fẹ́ ra amọ̀, ó ní irú ìkòkò wo ni mo fẹ́ mọ. Mo ní fẹ́ńdà ọkọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, àmọ́ ó kọ́ mi pé kí n máa fi aṣọ tútù bò ó kó má baà sán. Mo wá lẹ amọ̀ mọ́ etí fẹ́ńdà àtijọ́, mo fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ẹ́. Mo gé páálí fún ìrísí ọ̀tún, mo dojú rẹ̀ dé fún ti òsì, kí èjìká kan má baà ga ju èkejì. Résìn kì í dì dáadáa lórí ohun tó tutù, nítorí náà mo fi sẹ́lótéèpù bo amọ̀ náà pátá, mo sì fi ìda pa á lẹ́ẹ̀mẹta.

Kátálíìsì ò gba àṣejù. Kílò résìn kan ò gbà ju mílílítà 10 sí 20 lọ, ooru Abẹ́òkúta sì nìyí, 20 ti pọ̀ jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ike tí mo fi pò ó rú èéfín, ìdí rẹ̀ sì yọ́ mọ́ bẹ́ǹṣì. Ní báyìí, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń pò ó, síríńjì ni mo fi ń wọn 10. Funfun ni máàtì yẹn, tó bá ti mu résìn yó, á mọ́ gaara, wàá máa rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gún un jẹ́jẹ́ títí á fi jáde. Ìpele mẹ́ta ni mo tẹ́. Eruku rẹ̀ tí mo bá ń fi sáńpépà họ ọ́, bíi wèrèpè ló ń yún ni. Nígbà tí Màmá rí mi pẹ̀lú ìbomú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó bò mí dé kókósẹ̀, wọ́n ní ṣé mo ti di eégún ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò ní kí n fi bọ́ńpà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ sí i. Lójú àwọn òkè àti gọ́tà wa yìí? Ọjọ́ kan ló máa lò.

Mo de ti ọ̀tún l'Ọ́jọ́bọ̀. Bóòtù méjì ò bá ojú ihò wọn mu, mo tún un lu. Ti òsì ṣì wà nínú mọ́ọ̀dù. Àwọ̀ ẹlú ni màá fín in, bí àdìrẹ Ìtòkú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà láàárín fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀ ló kù. Èyí tí mo rí lọ́jà Ládípọ̀ l'Ékòó ti gan bí igi. Ìwọ lo wà nílùú tí wọ́n ti ṣe Ìjàpá, jọ̀ọ́, bá mi wá ẹyọ mẹ́rin. Dúdú ni o, má fi funfun ránṣẹ́.

Èmi ni,
Àlàbí