Oúnjẹ Ìyẹ̀fun Kò Tíì Yẹ Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Ní Ọjọ́ Kẹta

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ tẹ̀ jáde lórí sísin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì dúpẹ́ pé ẹ rántí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fo ibi tí ẹ ti sọ pé bí ọmọ ẹja bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, kí á máa bu oúnjẹ ìyẹ̀fun fún un.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Ìpájà níbí, nítorí pé ẹni tó ta oúnjẹ náà fún mi fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ọmọ ẹja náà jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, omi inú ọpọ́n ti dà rú, ó ń rùn, àwọn ọmọ ẹja náà sì ti kú, wọ́n funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èérún ìrẹsì. Ikùn wọn kò ṣófo. Oúnjẹ tí kò dà ló wà níbẹ̀.

Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin ẹja àrọ̀ máa ń di ọmọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, pupa ẹyin tí ọmọ náà gbé sábẹ́ ikùn a sì tán ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ ti là nígbà yẹn, àmọ́ àpòlúkù rẹ̀ kò tíì gbó: kò tíì ní omi kíkan, kò sì tíì ní pepsin, ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ amúaradàgbà sí wẹ́wẹ́. Ìfun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú trypsin àti àwọn ẹ́ńsáìmù bíi mélòó kan tí agbára wọn kò tíì ká ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ó di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí àpòlúkù tó gba iṣẹ́. (Ẹja tí wọ́n ń pè ní carp kì í tilẹ̀ ní àpòlúkù títí ayé rẹ̀, nítorí náà a kò lè fi ìlànà ẹja kan sin òmíràn.)

Ohun ẹlẹ́mìí ló yẹ wọ́n ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Èmi máa ń rẹ ẹyin artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ kékeré kan tó jọ edé, sínú omi iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún wákàtí 24, kí ó lè di ọmọ. Bí ọmọ ẹja bá ti jẹ ọmọ artemia yìí, ikùn rẹ̀ yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èèyàn a sì rí i láti ìta. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò ká agolo artemia lè sin moina, ẹ̀dá kékeré mìíràn tó ń gbé inú omi. Lẹ́yìn náà ni kí á wá máa fi ìyẹ̀fun mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàtúnṣe ibẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, nítorí pé owó àjọ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín fi ń ra ẹja tí wọ́n fẹ́ gba ẹyin lára rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùsìn ẹja kan, Ìpájà, Èkó