Ẹ Kọ Orísun Orin Mọ́ Àmì Hi-Res

Sí Olóòtú,

Àwọn ilé ìtajà orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta fáìlì orin FLAC 24-bit/96 kHz, èyí tí wọ́n ń pè ní Hi-Res (ohùn tó kúnná ju ti CD lọ), ní owó tó ju ti fáìlì CD lọ. Bit ń sọ bí ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe kúnná tó; 96 kHz ń sọ pé ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀n àpótí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ; kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

CD jẹ́ 16-bit/44.1 kHz, gíga ohùn inú rẹ̀ kò sì lè kọjá ìdajì 44.1 náà, ìyẹn 22.05 kHz. Bí ẹnì kan bá fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di 96 kHz, kò sí ohùn tuntun tó wọlé: òfìfo ló wà láti 22 dé 48 kHz. Bit 8 tó lé sì lè jẹ́ òdo lásán. Orin ìṣẹ́jú 5 tí ì bá jẹ́ MB 53, kí wọ́n tó fún un pọ̀, á di MB 173. Dátà ẹlòmíì ni wọ́n ń fi ṣòfò!

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ yan Spectrogram (àwòrán tó ń fi àwọ̀ hàn bí ohùn ṣe ga tó), kí ẹ sì gbé òpin òkè rẹ̀ dé 48000 Hz, torí kì í sábà dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọ̀ bá gé bí ẹni fi rúlà fà á ní 22 kHz jálẹ̀ orin, ẹ fura sí CD. Bó bá jẹ́ 16 kHz, ẹ fura sí MP3. Téèpù àtijọ́ a máa rọra ṣá lọ sókè ni, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ní 2014, àwọn ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ orin ní Amẹ́ríkà fi àmì mẹ́rin lélẹ̀ fún orísun orin Hi-Res. MQ-C, ìyẹn orísun CD, wà lára wọn! Ó kéré tán, kí àwọn ilé ìtajà kọ àmì orísun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, kí oníbàárà rí i kó tó sanwó.

Òṣìṣẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan,
Ìbàdàn