Sí Àjọkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ pípadà sẹ́yìn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara èmi le.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní bí èèyàn bá lè padà sí àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ wọkọ̀ láti gbé gààrí wá fún ọ, ṣé a ò ní dá a dúró? Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní físíìsì, síbẹ̀ ẹnu mi wọhò.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Ronald Mallett. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, kú lójijì ní 1955, lẹ́ni ọdún 33. Torí kó lè padà lọ kìlọ̀ fún un ló ṣe kàwé títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì. Ibi tó ti dojú rú nìyí: bó bá gba bàbá náà là, kí ni yóò wá sún ọmọ dé ìdí ẹ̀rọ tí yóò gbé e padà sẹ́yìn? Ìṣirò rẹ̀ pàápàá ní ẹ̀rọ náà kò lè gbé ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án. 1955 ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

N kò pè é ní ìrònú asán o. Àwọn àgbà ní ìgbà ò lọ bí òréré; ní 1949, Kurt Gödel, onímọ̀ ìṣirò, fi ìṣirò Einstein hàn pé bí gbogbo àgbáyé bá ń yí, èèyàn lè máa rìn síwájú títí yóò fi bá àná ara rẹ̀ pàdé. (Àgbáyé tiwa kò jọ èyí tó ń yí bẹ́ẹ̀.)

Ti kúáńtọ́ọ̀mù, físíìsì àwọn ohun tó kéré jù lọ, tí o fi gbe ara rẹ lẹ́sẹ̀ ló dùn mí jù. Lóòótọ́, David Deutsch, onímọ̀ físíìsì, kọ ọ́ ní 1991 pé bí ẹni tó padà sẹ́yìn bá bọ́ sí ayé mìíràn, ọ̀rọ̀ ò ta kora mọ́. Ó dáa. O dá ìyá dúró níbẹ̀, kò wọkọ̀. Àjọkẹ́ ibẹ̀ ni yóò bá a jẹun alẹ́. Níbí, àga rẹ̀ á ṣì ṣófo, tìrẹ á tún ṣófo tì í.

Ka físíìsì nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀. Má sọ ọ́ di gbèsè tí o ń san. Èmi ni mo gbé àpò gààrí yẹn sínú bọ́ọ̀sì fún un. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Wá sílé lópin oṣù.

Bàbá rẹ