Alágbàtà tó ń gbowó lápá méjì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ fara mọ́ ọn bí ọ̀rọ̀ mi bá gbóná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé ọ̀dọ́kùnrin méjì ní Crystal City, nítòsí Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n ń lọ sí Tysons. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mú wa lọ́nà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ènìyàn nídìí ọkọ̀. Iṣẹ́ kọnsọ́tántì, ìyẹn olùdámọ̀ràn, ni wọ́n ń ṣe fún iléeṣẹ́ ológun. Èkíní ní ogun kan báyìí ò ní tètè parí. Èkejì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọdún méjì kún kọ́ńtíráàtì àwọn. Ni wọ́n bá bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, síbẹ̀ tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé mi, irin ló ń dì mú, torí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń ru ẹrù ogun. Àwọn méjì yìí sọ̀ kalẹ̀ ní Tysons, wọn ò tilẹ̀ fi dọ́là kan lé owó ọkọ̀.

Mo wá délé, mo ṣí ìwé ìròyìn yín, mo rí i tí ẹ ń kí àwọn ọmọ wa kú oríire pé wọ́n ríṣẹ́ sí irú iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú ọmọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ n'Íbàdàn rí mọ èjẹ́ńtì tó ń gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, tó tún ń yọ́ lọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí nìyẹn. Ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn ń sọ ohun tó yẹ kí ìjọba rà fún un. Ẹ̀ka kejì, lábẹ́ òrùlé kan náà, ń kọ́ ẹni tó ń ṣe ohun ìjà bí yóò ṣe tà á. Wọ́n á ní ògiri wà láàárín. Ògiri wo? Àpò kan náà ni owó méjèèjì ń wọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà dọ̀wọ́n.

Ẹ wo Booz Allen Hamilton, iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn kan. Nínú 100 dọ́là tó ń wọlé fún un, ó lé ní 95 tó ń ti ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà wá. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó san $377 mílíọ̀nù fún ìjọba. Ẹ̀sùn náà ni pé láti 2011 sí 2021, ó ń ti ìnáwó iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn oníbàárà mìíràn, títí kan ti òkè òkun, sínú owó tí ìjọba ń san. Obìnrin kan tó ti ṣe ológun rí, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló tú àṣírí. Wọ́n sanwó, wọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ bá mi wá ẹni tí kò jẹ̀bi tó san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Owó orí wa ló wà níbẹ̀ o, tèmi tí mò ń wakọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí náà.

Ní Jámánì, láti McKinsey, iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn mìíràn, ni mínísítà ètò ààbò ti mú igbákejì rẹ̀ kan wá ní 2014. Nígbà tó di 2018, àwọn ayẹ̀wé-owó ìjọba ń pariwo lórí kọ́ńtíráàtì àwọn olùdámọ̀ràn. Ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ohun tó wà lórí fóònù mínísítà ti pa rẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Mínísítà náà, Ursula von der Leyen, ti di olórí Àjọ Yúróòpù báyìí.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ní 2014, wọ́n ká $9.3 mílíọ̀nù mọ́ inú ọkọ̀ òfuurufú láti Nàìjíríà ní South Africa, káàṣì nínú àpótí aṣọ. Ìjọba wa ní owó ohun ìjà ni.

Níbí ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀gá tó yẹ kó ṣọ́ owó yìí ń sùn ni. Láti 2018 tí wọ́n ti ń yẹ ìwé owó Pentagon wò lọ́dọọdún, kò tíì yege lẹ́ẹ̀kan. Ní ìparí 2023, wọ́n ṣòfin pé kí olùdámọ̀ràn tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Pentagon, ó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun ò ṣiṣẹ́ fún ìjọba China tàbí Rọ́ṣíà, tàbí kó ní ètò tí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì forí gbárí. Ó dáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ́jà tó wà nílé ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí olùdámọ̀ràn tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà kọ orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn sílẹ̀, kó kọ iye tó gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí awakọ̀ lè ti kà á nígbà tó bá ń dúró de èrò. Bí ẹni tó ń ta ohun ìjà bá wà nínú wọn, kó yan ọ̀kan: owó ẹni tó ń rà tàbí owó ẹni tó ń tà. Bó bá parọ́, kó dá gbogbo rẹ̀ padà, kì í ṣe ìdajì, kì í ṣe àdéhùn abẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ́fíìsì ìjọba sílẹ̀ lónìí tí wọ́n ń wọ ilé olùdámọ̀ràn lọ́la náà, kí wọ́n jókòó sílé díẹ̀ ná.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kí ọmọ kan kú oríire irú iṣẹ́ yìí, ẹ bá mi bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀ tún ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìyábọ̀,
Woodbridge, Virginia