Sípíkà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní

Olóòtú,

Nígbà tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń dáwó aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ eléré ló máa ń da ìpàdé rú. Ẹni kan tó fẹ́ràn àpàlà láàárín ogójì èèyàn tó fẹ́ fújì tàbí orin ìwòyí á ká gúlútú sí kọ̀rọ̀. Tó bá yá, kò ní wá sípàdé mọ́. Wọ́n á ní ó ti darúgbó lójijì, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn.

Ẹni tó fẹ́ ìkọ́kọrẹ́ kì í bá ẹni tó fẹ́ ìrẹsì jà níbi ìnáwó, kálukú ló ní àwo tiẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíkà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Dííjè tó ti fa básì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ orin, sókè nítorí ijó ló máa ń kọ́kọ́ ba àpàlà jẹ́. Àgídìgbo ni ìdí orin náà: àpótí pákó tí ahọ́n irin bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lójú rẹ̀. Bí básì bá pọ̀ jù, ohùn àwọn ahọ́n yẹn á wọnú ara wọn, á máa dún hùù bíi jẹnẹrétọ̀, á sì bo ọ̀rọ̀ olórin mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á ní orin náà ò dùn! Ẹ dá básì padà sí àárín, ẹ gbé ìró tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ débi tí ẹni méjì á fi lè sọ̀rọ̀ láì pariwo. Bó bá jẹ́ eléré lẹ pè, ẹ gbé máìkì kan sí ẹ̀bá ihò àgídìgbo, kó má fara kàn án. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jìnnà sí máìkì olórin. Gángan kò nílò máìkì nínú gbọ̀ngàn kékeré.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi àpàlà sí i ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí òógùn ti bo àwọn oníjó, ló fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á máa wò ó. Etí ni àpàlà ń wá kó tó wá ẹsẹ̀, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ ká ló yẹ ẹ́. Ẹ má sì fi ojú àwo orin kan sí i látòkè délẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú 20, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ oríkì àwọn olówó tí ẹnikẹ́ni níjókòó kò mọ̀. Ẹ wá ibi tí ìlù àti elégbè ti ń dá olórin lóhùn, kí ẹ gé ìṣẹ́jú 4 níbẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé.

Olólùfẹ́ àpàlà tó ń bú orin àwọn yòókù náà jẹ̀bi o. Fújì tó ń fi ṣẹ̀sín, inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nígbà ààwẹ̀, ló ti jáde, ó sì bu nínú àpàlà. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, òun àti I. K. Dairo oníjùjú ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ àwo orin Star sílẹ̀ ní 1969. Kálukú ló ń kọ orin tirẹ̀ lọ.

Ní ti owó eléré, bí ẹgbẹ́ bá ń dìbò lọ́dọọdún, àwọn tó pọ̀ náà ni yóò máa wọlé, àwọn tó kéré á sì máa sanwó orin tí wọn ò fẹ́. Nínú òde wákàtí mẹ́rin, ìṣẹ́jú 30 tí ẹ bá yọ fún wọn kò lè dá ijó ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, kí dííjè má baà ní òun ò gbọ́.

Àwa tí à ń to ẹ̀rọ orin sóde,
Ìjẹ̀bú-Igbó